Fúlótà Ojú-Ìwé Kọkànlélógójì àti Ṣọ́ọ̀bù Tí Ẹ Tì Pa

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èbìbí.

Alága,
Àjọ Tó Ń Yẹ Mọ́tò Wò,
Àjà Kẹta, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ FÚLÓTÀ TÁŃKÌ EPO TÍ ÀJỌ YÍN FI IPÁ YÍ PADÀ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ ṢÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ RÌWÁYÀ

1. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí lẹ́nu ọmọdé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí tó wà nínú lẹ́tà tí Àjọ yín kọ ní ọjọ́ kejì oṣù yìí rí. Ìlà mẹ́sàn-án ni gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ gbà kó tó mí, kò sì sí òótọ́ nínú ìkankan. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Bí ohùn mi bá le, ẹ má bínú. Èmi ni inú ń bí.

2. Mo ní mọ́tò asáré àtijọ́ kan, oníjòókòó méjì, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Rìwáyà tó ń tún iná rẹ̀ ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fararọ, ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Irú táńkì epo méjì ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é lò: ti àkọ́kọ́ jìn bí korobá, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fúlótà tirẹ̀, ìyẹn apá irin tó ń léfòó lórí epo, tó ń ránṣẹ́ sí géèjì níwájú awakọ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀kan ń rán bí epo bá kún ni èkejì ń rán bí epo bá tán. Bẹ́ẹ̀ ihò tí wọ́n ń gbà wọ inú táńkì dọ́gba, èyíkéyìí lè wọ èyíkéyìí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Lọ́dún tí wọ́n ṣe mọ́tò mi, méjèèjì ni wọ́n ń lò. Nọ́ńbà ara mọ́tò ló ń sọ èyí tó jẹ́ ti ẹni. Ti àkọ́kọ́ ni tèmi.

3. Ní ọjọ́ kejì oṣù Igbe, olùyẹ̀wò yín, tó fún táì mọ́ra bí ẹni tó ń lọ gba oyè, ka nọ́ńbà orí fúlótà mi, ó ṣí ìwé ìtọ́ni mọ́tò náà tó wà lọ́wọ́ Àjọ sí ojú-ìwé kọkànlélógójì, ó sì mi orí. Ó ní fúlótà ọdún yẹn kọ́ nìyẹn. Fararọ bẹ̀ ẹ́ pé, “Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara mọ́tò ná.” Ó dáhùn pé ìwé ló ń yẹ mọ́tò wò, ẹnu kọ́. Ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti yí i padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Àjọ yóò gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò náà.

4. A yí i padà. Fararọ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé: “Àṣẹ ni mo tẹ̀ lé. Fúlótà yìí kò bá géèjì mu.” Olùyẹ̀wò yín buwọ́ lù ú lábẹ́ rẹ̀. Epo inú táńkì lọ́jọ́ náà kò ju lítà méjì lọ, ṣùgbọ́n ìka géèjì fò fẹ̀rẹ̀ lọ sí kíkún. Inú olùyẹ̀wò yín dùn. “Ẹ ò rí i bó ṣe kún!” Fararọ ní kó ki ọ̀pá bọ táńkì wò. Òǹtẹ̀ ló lù mọ́ ìwé ẹ̀rí wa. Ó wá kìlọ̀ pé bí a bá dá ti àtijọ́ padà, ìwé ẹ̀rí ti di yẹpẹrẹ nìyẹn. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́,” ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Amúkùn-ún tiẹ̀ sàn. Òun mọ ibi tó ti wọ́.

5. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, yá mọ́tò náà lọ́sàn-án gangan. Mo sọ fún un pé òdì ni géèjì ń ka epo, pé kó ra epo kó tó gun afárá. Ó na ìka sí ìwé ẹ̀rí yín lára gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti àríyànjiyàn! Odidi Àjọ buwọ́ lù ú, ẹ̀yin ẹ̀ ń bá a jà.” Mo jẹ́ kó lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí ẹnikẹ́ni má bàa wá a kiri. Epo tán láàárín afárá, ìka géèjì ṣì wà ní kíkún. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ó kọlù ú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi ṣẹ́. Ọwọ́ tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú nìyẹn.

6. Kí ni Àjọ ṣe? Ẹ fi ìwé pupa ti ṣọ́ọ̀bù Fararọ pa, ẹ ní nínú lẹ́tà yín pé ó “mọ̀ọ́mọ̀ de ẹ̀yà tí kò yẹ,” ẹ sì pè é sí ìgbẹ́jọ́ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí láti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́, òun náà ló tún ń bèèrè ẹni tó gún wa.

7. Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ karùn-ún, mo ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn mí. Mo ṣí i: ojú-ìwé kọkàndínlógójì, kọkànlélógójì, kẹtàlélógójì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ojú kan ṣoṣo lára ewé kọ̀ọ̀kan ni ẹ dà kọ! Ìdajì ìwé ni Àjọ yín fi ń yẹ mọ́tò gbogbo ènìyàn wò, kò sì sí ẹnì kan tó bèèrè ibi tí ìdajì yòókù wọlé sí. Akọ̀wé yín ní bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Mo rí odindi ìwé náà ní ilé-ìkàwé. Ohun tó wà ní ojú-ìwé kejìlélógójì ni pé: “Kí o tó yí fúlótà padà, ka nọ́ńbà ara mọ́tò.” Gbogbo ohun tí Fararọ sọ nìyẹn, tí ẹ pè ní ẹnu.

8. Ẹ̀dà ojú-ìwé náà àti ti ìwé iṣẹ́ tí olùyẹ̀wò yín buwọ́ lù wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo gbọ́ pé ìwé iṣẹ́ náà ti sọnù nínú fáìlì yín. Kò sọnù lọ́wọ́ mi.

9. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ da ojú kejì ìwé yín kọ. Ẹ pe gbogbo mọ́tò tí ẹ fi ìdajì ìwé yẹ̀ wò padà, kí afárá tó tún pe ẹlòmíràn. Èyí tó ká mi lára jù: ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù Fararọ. Àràárọ̀ ló ń jókòó síwájú ìlẹ̀kùn tí ẹ tì, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò wọn.

10. Bí ẹ bá kọ̀, èmi àti àbúrò mi yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì oníṣègùn. Kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ ọkùnrin náà, kí akọ̀wé yín ka ojú-ìwé kejìlélógójì sókè, kí ẹ sì wo Fararọ lójú, kí ẹ sọ ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin, tojú tẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín tìbínú-tìbínú,

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
ẹni tó ni mọ́tò náà.