Ẹ̀jẹ̀ Tí Ìyá Wa Fi Sílẹ̀ Fún Wa

                                                  Ilé Kẹrìndínlógún,
                                                  Òpópónà Fálọlá,
                                                  Òkè-Àfá, Ìsọlọ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ooru ìgbà yìí. Báwo ni ara yín? Orúnkún tó ń dùn yín nígbà Kérésìmesì ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ń gbádùn ìfẹ̀yìntì wọn, àbí wọ́n ṣì ń jí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni pé wọn ò tíì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀? Tiwátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo nírètí pé oyún náà ò dà á láàmú jù. Èmi àti Kọ́láolúwa ọkọ mi wà láàyè, Tómilọ́lá náà wà. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni a wà, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, nítorí mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo mọ̀ pé ẹ óò máa ṣe kàyéfì pé kí ni mo ń kọ lẹ́tà sí nígbà tí fóònù wà. Mo kúkú pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ń bi yín léèrè iye tí iṣu ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ pè kọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín báyìí, gbogbo ohun tí mo ti tò sínú á dàrú mọ́ mi lójú. Ìyá Shalom, ẹni tí a jọ ń gbé ilé, ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé fún ìsìnkú, mo ní kí ó bá mi mú lẹ́tà yìí dání. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan oṣù mi ti ń wá bó ṣe wù ú. Á dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ kí n tó gbé pádì tó kù pamọ́. Bó bá sì dé, tòun ti ẹ̀jẹ̀ dídì bí ẹ̀dọ̀ adìẹ ni. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú nìkan ni mò ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èmi tí kì í jókòó ní kíláàsì, orí àga ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, bí mo bá sì gun àtẹ̀gùn dókè, àyà mi á máa lù kìkì.

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní orúkọ tó ń pè é. Ìyá Shalom ní ọjọ́ orí ni, pé nǹkan oṣù ló fẹ́ dágbére fún mi. Igbákejì ọ̀gá wa ní ilé ẹ̀kọ́ ní fáíbrọ́ìdì ni, torí ohun tó ṣe òun náà nìyẹn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà gidi. Mo ṣe àmín. Mo délé, ó ṣì ń dà. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa fún mi ní oògùn inú rírun, mo wá ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Kọ́láolúwa ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́bàá iléeṣẹ́ wọn ní ọ̀nà àwọn iléeṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀. Wọ́n yàwòrán inú mi, wọ́n rí fáíbrọ́ìdì, wọ́n ní kí àwọn gbé ilé ọmọ náà kúrò pátápátá. Mo gbà. Ẹ má bínú pé mi ò sọ fún yín. Ó ti rẹ̀ mí débi pé bí wọ́n bá ní kí àwọn gé ẹsẹ̀ mi, màá gbà. Wọ́n ti mú ọjọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀ Tómilọ́lá ló dá a dúró. Ẹ mọ̀ pé ó ti di wúńdíá lọ́dún tó kọjá. Tirẹ̀ náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Nígbà tó sọ fún mi, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ti Mọ́mì Ìkọ̀lé, ìyẹn ẹ̀yin, pé ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Kò tún sọ mọ́. Àfìgbà tí wọ́n pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ó ṣubú lórí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo débẹ̀, ètè rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀, Dókítà Sàláúdéènì ni wọ́n ń pè é. Kì í kánjú. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rí ojú tiyín náà.” Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ò lẹ́jẹ̀ lára mà. Ta ló ń tọ́jú yín?”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un títí kan iṣẹ́ abẹ tí mò ń retí. Lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n ṣe àyẹ̀wò oyún. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ obìnrin tó ń múra àtifẹ̀yìn tì. Kò sí oyún. Ó wo àwòrán inú mi, ó ní fáíbrọ́ìdì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kékeré ni, ẹ̀yìn ilé ọmọ ló sì wà, kò jọ pé òun ló ń da irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.

“Wọ́n ti yọ eyín yín rí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

“Nígbà tí ẹ bí ọmọ yìí ńkọ́?”

Mo ní wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Tómilọ́lá dá sí i pé imú òun máa ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà ọyẹ́. Dókítà ní, “Ìyá yín ńkọ́, mà?” Mo ní wọ́n ti kú. Ó ní, “Kí ló pa wọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ mọ èsì tí a máa ń fún ìbéèrè yẹn nílé wa. Orúkọ èèyàn ni. Mo wo ojú ọmọ mi, mo ní, “Wọ́n bímọ ni, ẹ̀jẹ̀ ò dá.” Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti Tómilọ́lá, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ dé, wọ́n ní kò ṣe kedere, kí a tún un ṣe. Àárín àsìkò yẹn le fún mi. Bí mo bá jí, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n rí nǹkan, tó bá di ọ̀sán, màá máa bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má rí nǹkan kan. Èsì kejì ló fi hàn pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ó tètè dì, tí kò pọ̀ tó nínú tèmi, tí kò sì pọ̀ tó nínú ti Tómilọ́lá. Àbímọ́ ni. Ìyá tàbí bàbá ló ń fún ọmọ. Ó lè mú ọmọ kan, kí ó fo èkejì.

Ó dá iṣẹ́ abẹ náà dúró. Ó ní bí wọ́n bá là mí láìmọ̀, láìpèsè oògùn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máà lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Oògùn inú rírun tí mò ń jẹ wà lára àwọn tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i, ó ní kí n jáwọ́ níbẹ̀. Ó fún wa ní oògùn tí a óò máa lò kìkì bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, àti èyí tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀. Nítorí ọjọ́ orí mi, wọ́n pèsè sílẹ̀ dáadáa, wọ́n mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ mi lọ yẹ̀ wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ. Wọ́n wá ki ohun kékeré kan sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fètò sí ọmọ bíbí, pé ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń dín kù. Tómilọ́lá ti padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Inú mi dùn, mo tún ń sunkún. Kọ́láolúwa ní kí n dúpẹ́ pé a mọ orúkọ àìsàn náà. Mo dúpẹ́. Àmọ́ èmi ni mo fún ọmọ mi, mi ò sì mọ̀ pé mo ní i lọ́wọ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí mò ń rí ni Ìyá Ọmọ́lẹ́wà, ìyálé ìyá wa. Mo kéré nígbà náà, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi pé inú yàrá wọn ni wọ́n ti rí aṣọ ìyá wa tó lẹ́jẹ̀, tí àwọn ẹbí fi ní Ìyá Ọmọ́lẹ́wà ni wọ́n fi aṣọ náà ṣe oògùn sí ìyá wa, tí wọ́n fi lé wọn padà sí ilé bàbá wọn tòun ti Ọmọ́lẹ́wà lẹ́yìn. Mo bi dókítà bóyá ohun tó ń ṣe wá yìí ló pa ìyá wa. Ó ní, “Mi ò lè búra mà. Ẹni tó ti lọ, a ò lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wà tó mọ bí nǹkan oṣù wọn ṣe ń rí, ẹ bi í.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Mo pe Ọmọ́lẹ́wà, ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Mo sọ ohun tí wọ́n rí lára èmi àti ọmọ mi fún wọn, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè náà. Wọ́n wá ní, “Morọ́lá, èmi ni mo máa ń bá ìyá rẹ fọ aṣọ oṣù rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í kí bàbá yín má baà rí i, òun ló ṣe ń kó o pamọ́ sí yàrá mi. Mo ń sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù.”

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n kàn bi mí bóyá Tómilọ́lá ń jẹun dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Bàbá wa ti kú, àwọn àgbà tó jókòó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ti lọ tán. Mi ò tilẹ̀ mọ bóyá mo ṣe dáadáa bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi dàgbà, tí ẹ sì fi ojú yín rí òkú ìyá wa.

Àmọ́ ohun kan dá mi lójú. Ẹ mú Tiwátọ́pẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó kí ìrọbí tó mú un. Ẹ sọ fún wọn bí ìyá wa ṣe kú, ẹ sọ ohun tí wọ́n rí lára èmi àti Tómilọ́lá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ̀yin náà ṣe tiyín. Ẹ má jẹ́ kó bímọ sí ibòmíràn.

Ẹ bá mi kí Bàbá Tiwátọ́pẹ́. Kọ́láolúwa ń kí yín, Tómilọ́lá ní kí n sọ fún yín pé òun ń lo oògùn òun. Àtẹ̀yìnwá, ẹ máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ọjà kí ẹ má baà pàdé Ìyá Ọmọ́lẹ́wà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yà kí wọn. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi bi wọ́n bóyá wọ́n máa gbà kí ẹ wá. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà àwọn ò tì rí.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbé pọ̀n,
Morọ́lá.