Ibi Tí Mo Lẹ Ilé Wa Mọ́

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ara mi le.

Máàpù ayé la ń tẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, sórí ogún bébà onígun mẹ́ta tá a ń lẹ̀ pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ní èyí tó máa ń wà lára ògiri ilé ìwé ń fẹ ilẹ̀ olótùútù bíi tibí lójú jù. Tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Ilẹ̀ wa mà tóbi ju tibí lọ!

Lánàá, mo lẹ bébà kan síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ni ilé wa bá di alámùúlégbè yàrá mi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Òkun dà?" Mo ní àṣìṣe ni. Ó ní kí n máa mú un lọ.

Iwájú máàpù náà ni mo ti ń jẹun báyìí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó má tíì gba bẹ́ẹ̀dì mi.