Ọfà Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo ra ìwé yìí ní ọjà Wuye lónìí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí.

Kábíyèsí — bí mo ṣe ń pe Ànú nínú ọkàn mi nìyẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí bí — ń gbá géèmù lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń wò ó láìfù, bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, lórí fóònù wọn káàkiri. Mo gbé oúnjẹ wọlé. Ẹnì kan nínú wọn kọ̀wé bi í pé ta ni mí. Ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, ìwé mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ àti ìyá mi, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Mo kàwé gboyè. Iṣẹ́ tí Àǹtí ní òun máa bá mi wá ní míníísírì ni mo ń dúró dè ní Gwarinpa níbí, mo sì ń fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo fi ata kún ọbẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tó mi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Thomas. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé — ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Àǹtí, òṣìṣẹ́ kékeré ní àjọ ìjọba kan. Òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí Kábíyèsí ní láyé. Mo ní kó kọ́ mi ní géèmù náà, kí Kábíyèsí má gbọ́. Ó yá mi ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn. Mo mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn. Mo jẹ́ kó máa dùn.

Bí eré náà ṣe rí: wàá dá akọni kan sílẹ̀, á máa pa iwin àti ẹranko, agbára rẹ̀ á máa pọ̀. Níhà ibi tí Kábíyèsí wà, èèyàn lè pa èèyàn, ẹni tó bá sì kú, ó kú náà nìyẹn. Gbogbo ohun tó kó jọ, ó ṣègbé. Arógunyọ̀ lorúkọ akọni tirẹ̀. Idà, irin látorí dé ẹsẹ̀. Ọdún méjì ló ti wà láàyè.

Mo bi Thomas pé kí ni irin kì í dá dúró. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Oró."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo ti ba akọni mi àkọ́kọ́ jẹ́. Mo pín agbára rẹ̀ sí ọfà iná, sí eré sísá, sí ìlera — díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo, bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Aláǹtakùn kan pa á.

Thomas ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí n kó gbogbo agbára sórí oró nìkan. Ọfà kan ò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oró kejì á gun orí ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta á gun orí èkejì, gbogbo wọn á jọ máa jẹ ẹ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ọfà, sún sẹ́yìn, tún ta. Má jẹ́ kó sún mọ́ ọ. "Jẹ́jẹ́," ló ń wí ṣáá, "jẹ́jẹ́." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Mo sọ akọni mi ní Jẹ́jẹ́. Obìnrin ni. Ọrun lọ́wọ́, kò sí irin kankan lára.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo pa erinmi kan láìjẹ́ kó rí ojú mi. Ibi tó ti ń wá mi kiri ló kú sí. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ọbẹ̀ jóná.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo pàdé Arógunyọ̀ létí àbàtà. Kò mọ̀ mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti kíṣìnì tí mo wà.

Ó kọ̀wé sí mi pé ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá fún mi ní ìbọ̀wọ́ kan, èyí tó ń mú kí oró pẹ́ lára ní ìlọ́po méjì. Ó ní idà lòun ń lò, kò wúlò fún òun. "Máa ṣọ́ra," ló kọ, "àwọn èèyàn ibí burú."

Nínú ilé yìí, kò tíì fún mi ní nǹkan kan rí, àfi àwo tó ti jẹun tán nínú rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Lọ́la, tí Àǹtí bá ti lọ sí ìpàdé ìjọ, Arógunyọ̀ máa lọ bá Ìyá Ẹrẹ̀ jà, ẹranko tó le jù nínú eré náà — lójú gbogbo èèyàn. Thomas ló sọ fún mi. Mo bi í ní ọ̀nà tó máa gbà. Ìyẹn náà, ó sọ.

Nírọ̀lẹ́ mo wá Arógunyọ̀ lọ. Mo ní ejò ti bù mí jẹ, mi ò ní aporó. Ó kó gbogbo èyí tó ní fún mi. Ó ní òun á ra òmíràn lọ́jà inú eré. Kò ní í rí rà. Èmi ni mo ti ra gbogbo rẹ̀ tán láàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo pa á.

Ó kù díẹ̀ kí Ìyá Ẹrẹ̀ kú. Òdì kejì omi ni mo dúró sí. Ọfà àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Nígbà tó máa yíjú, mo ti sún sẹ́yìn. Ó ń sáré bọ̀, irin wúwo lára rẹ̀ — mo ta, mo sún, mo ta, mo sún. Ó ń mu oògùn ìlera, oró ń jẹ ẹ́. Ó kọ̀wé sí mi: "Èmi ni mo fún ẹ ní ìbọ̀wọ́ yẹn." Mo tún ta.

Ó ṣubú sínú omi tí kò ju orúnkún lọ. Ẹ̀yìn ògiri ni igbe rẹ̀ ti dé etí mi. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu. Mo wo fóònù. Àwọn tó ń wò ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Lẹ́yìn ìsìn. Kábíyèsí di Thomas ní ẹ̀wù mú lẹ́yìnkùlé. Ta ló máa ń sọ jẹ́jẹ́ nínú ilé yìí? Ta ló mọ ọ̀nà tí òun máa gbà? Òun pè é ní ọ̀rẹ́, ó sì lọ ta òun.

Èmi ń sá aṣọ. Thomas wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Mo sá ìró kan sórí okùn, mo fi pẹ́ẹ̀gì mú un.

Ó ní, "Èmi kọ́, Ànú." Kò dárúkọ mi.

Mi ò ro ti Thomas nígbà tí mo ń sọ akọni yẹn lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà wó lé e lórí, mi ò bá a gbé e kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Kábíyèsí ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé Thomas ń mu igbó. Irọ́ ni. Àǹtí pè mí. Ó ní, "Tósìn, ìwọ lò ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mi ò rí i kó mu ún o, ma. Òórùn kan ni mo kàn máa ń gbọ́."

Ó ní kí Thomas kó jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́rú, 26

Thomas lọ. Kò béèrè láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Kábíyèsí kì í jáde mọ́. Àwọn tó ń wò ó ti lọ wo ẹlòmíràn. Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ló bá ń wá jókòó tì mí ní kíṣìnì. Lónìí, ó bá mi gé àlùbọ́sà. Ó gé e wúruwùru.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn." Yorùbá ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ó ní òun ti dá akọni mìíràn sílẹ̀. Ó ní Tósìn lòun sọ ọ́.

Kò tọrọ orúkọ náà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Mò ń jẹ́ kí akọni náà dàgbà. Mò ń jẹ́ kí Kábíyèsí fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ọfà mẹ́rin péré ló gbà. Ọmọdé ni.

Ohun tí mi ò rò: bí nǹkan bá dun Ànú báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń sáré wá. Ó já wọ kíṣìnì, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tún ti—", ó sì rí láptọ́ọ̀pù níwájú mi. Jẹ́jẹ́ dúró lórí òkú Tósìn.

Kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ náà lo pa ti àkọ́kọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Thomas ńkọ́?"

Mo ní Thomas kàn kọ́ mi ni. Mo ní kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ó fa àga, ó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ju ọrun rẹ̀ sómi. Ó wá mú un rìn, ìhòòhò, títí dé iwájú Ìyá Ẹrẹ̀, ó sì ká ọwọ́ kúrò. Mi ò mọ̀ pé ó ní sùúrù tó báyẹn. A jọ wò ó títí ó fi parí.

Ó dìde. Ó ní, "Tiwa ti tán. Ó ku ti Thomas."

Ó tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ẹ̀gbẹ́ èèpo iṣu, ó sì jáde. Ó ń dún. Ó pẹ́ tó fi dún. Thomas gbé e.

"Ànú?" Ohùn ẹni tó ti ń retí. Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe èrò Apo. "Ànú, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Mo pa á.