Nítorí Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Mí Nínú Yàrá Onígíláàsì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ gàrí. Mo kí Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ràsákì tó gbé fọ́tò mi wá fún yín wò. Inú ń bí mi sí wọn, àmọ́ mo kí wọn náà. Gbogbo Ìbẹ̀fun ló rí fọ́tò yẹn lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ tèmi síbi tí gbogbo Ìbẹ̀fun á ti kà á.

Ẹ ní ọmọ tí ẹ rán wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pé kó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú ọkùnrin. Ẹ ní kí n di ẹrù mi, pé Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ wá mú mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Mi ò rí nǹkan kan sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni mo sun, ó kán sórí léèsì oníbàárà, ọ̀gá mi sì bú mi. Mo ti wá rí nǹkan sọ báyìí. Mi ò ní di ẹrù kankan.

Màámi, láburárì, ilé ìkàwé, ni yàrá yẹn wà. Gíláàsì ni ògiri ẹ̀ níwájú, ẹni tó bá ń kọjá á rí àwa tí à ń kàwé fún ìdánwò bí ẹja inú ìgò. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri tí kò sẹ́ni tó ní wáyà ẹ̀, ara ẹ̀ la máa ń fi híjáàbù tí òjò pa kọ́. Ẹni tó bá mú ẹ̀sténṣọ̀n wá ló ń jókòó nídìí iná, ọba ni lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn á gbé báàgì lé àga, wọ́n á lọ jẹun, báàgì á máa bá wọn kàwé. Tí a bá kọ nǹkan sójú pátákó tán, wọ́n á fi fóònù yà á, wọ́n á nù ún. Èmi nìkan ni mo ń fọwọ́ kọ ọ́, torí kámẹ́rà fóònù mi ti kú. Wọ́n ń pè mí ní Màdáàmù Abẹ́rẹ́, nítorí òwú kì í tán lára aṣọ mi.

Wọn ò gba ariwo níbẹ̀. Tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, etí la fi ń pín in. Wálé, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kàwé, fi íàpíìsì kan sí etí tiẹ̀, ó fún mi ní ìkejì. Wáyà ẹ̀ kúrú, orí gbọ́dọ̀ kan orí. Nínú fọ́tò yẹn, pátákó ni Fúnkẹ́ tí a jọ ń kàwé ń yà, àwa méjèèjì la kàn wà nídìí ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí à ń gbọ́? Bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹnu Wálé sì ń rùn kúlíkúlí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo máa ń wo etí ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn Bàbá dé tí ẹ yọ mí nílé ìwé, kò sẹ́ni tó bi mí. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń rán mi níṣẹ́ ni. Nílé Àǹtí tí mò ń gbé, mo lè wà láti ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ orúkọ mi. Nínú yàrá yẹn, Wálé yíjú sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Sìdí, kí lo rò sí i?” Mi ò mọ èsì. Gbogbo wọn sì dúró dè mí.

Ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama ti sún mọ́lé, mo ti fi orúkọ sílẹ̀, ọ̀gá mi sì mọ̀. Tí Bọ̀ọ̀dá bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n má lọ sílé Àǹtí. Kí wọ́n kírun tán, kí wọ́n wá sí láburárì. Ìlẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Tí wọ́n bá rí àga, kí wọ́n jókòó. Tí wọn ò bá rí, kí wọ́n dúró síta máa wò mí. Mi ò ní dìde.

Ọlọ́run á fún Bàbá lálàáfíà, á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, tàgbà tọmọdé. Lẹ́yìn ìdánwò, màá fi ẹsẹ̀ ara mi wálé.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan yìí,
Sìdíkátù.