Mí Dáadáa Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Ọmọ mi, Asárémáwẹ̀yìn,

Mo kí ọ o, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ ò wú? Ọlọ́run tó mú ọ sáré débi ìlà láìṣubú ò ní jẹ́ kí o kọsẹ̀ láyé. Àlàáfíà ni bàbá rẹ àtàwọn àbúrò rẹ wà. Èmi náà wà, àfi pé ó ti rẹ̀ mí. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo ti dé báyìí, omi tí mo fi nu ilẹ̀ ò tíì gbẹ lára aṣọ mi tí mo fi jókòó kọ̀wé, torí náà tí o bá rí i tí ìlà rẹ̀ ń wọ́, má bínú, ìwé mẹ́wàá tí mo kà ṣì wà lórí, ọwọ́ ló rẹ̀.

A wò ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ilé télọ̀ la wà, èrò kún ibẹ̀ dé ojú fèrèsé. Nígbà tí o gbapò kìíní, mo pariwo débi pé ohùn mi ṣì ha títí di òní. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ rí lẹ́yìn ìyẹn dùn mí. Ṣé èèyàn kì í sinmi ni? O ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a tán, wọ́n tún ní kí o lọ sá a láti ìbẹ̀rẹ̀. O sá a, o tún gbapò kìíní. Nígbà tí wọ́n tún ní kí o padà lọ, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́ pátápátá, torí ẹsẹ̀ rẹ ò fẹ́ balẹ̀ mọ́, ṣe lò ń rọra lọ bí ẹni tó wà nínú omi, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ń mì. Mo bú sẹ́kún. Bá mi sọ fún kóòṣì rẹ pé ọmọ èèyàn ni mo fún un o.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gbé gbohùngbohùn sí ọ lẹ́nu, ó bi ọ́ bí inú rẹ ṣe dùn tó. O ní inú rẹ dùn, àmọ́ pé níbi tí ìyá rẹ ti ń gbálẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí, kí ìjọba wá fi iná síbẹ̀. Télọ̀ ní ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí o mú wá, ta ló ní kí o mú ẹnu dání. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé ọkọ òun tó ń bú ìjọba látàárọ̀ dalẹ́, ṣé abẹ́rẹ́ ló ń bá a bú u ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Ẹ̀rín tèmi ò jáde.

Ọjọ́ kejì ni alága kánsù wá sí ilé ìgbẹ̀bí. Ó dúró lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ní òun gbọ́ pé o sọ nǹkan kan, àmọ́ bí o ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ ò jẹ́ kí òun gbọ́ ọ yékéyéké. Ó yà mí lẹ́nu, torí ṣebí wọ́n tún pè ọ́ síta nígbà ìròyìn kí o wá tún un sọ, o ò tilẹ̀ ráyè pààrọ̀ aṣọ. Ó ní kí eléré ìje gbájú mọ́ ìje, kí n kọ̀wé sí ọ pé tí o bá tún borí, ẹ ṣé ni kí o sọ, kí o dákẹ́. Ó fi kún un pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ pọ̀ lóde. Nọ́ọ̀sì àgbà wa tó dúró tì í ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun bàbá rẹ. Kí o dákẹ́ náà ni mo fẹ́ kọ.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ àná, ìyàwó kápẹ́ńtà rọbí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ẹnu ni mo fi gbá tọ́ọ̀ṣì mú. Bí orí ọmọ ṣe yọ báyìí, tọ́ọ̀ṣì kú. Mi ò lè pariwo, nǹkan wà lẹ́nu mi. Ọmọ ké, a dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ bèèrè pé kí lòun bí, kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìgbà tí a gbé e dé ojú fèrèsé. Obìnrin ni.

Torí náà, mo ti jíṣẹ́ alága. Tèmi nìyí: tí o bá tún borí, kọ́kọ́ jókòó, mu omi, mí títí àyà rẹ á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o rọra sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́nikẹ́ni má baà ní òun ò gbọ́.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó bátìrì tọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́, kí o fi ti òògùn ẹ̀yìn bàbá rẹ lé e. Iná tí o tọrọ fún ọlọ́mọ, ojú ọ̀nà tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ sí.

Èmi ni ìyá rẹ, tí wọn ò tíì lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.