Àìsàn Èmi àti Àǹtí Fúnmi

Màámi ní Oǹdó, ẹ kú ilé o. Mo kí Bàámi lórí àga wọn, mo kí gbogbo ará ilé. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé òsúkè ń ṣe mí. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo mu omi, mo sé èémí, onílé mi l'Ọ́bà-Ilé sì fò yọ sí mi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀rù lè bà mí. Kò lọ.

Ọyẹ́ ti dé sí Àkúrẹ́. Mo ń kọ pátákó alápatà kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Arakale nígbà tí àwọ̀ pupa kú sí ojú òsì mi. Mo di ojú ọ̀tún: pupa di eérú. Mo là á: pupa padà. Láti ìgbà náà, tí mo bá tẹ orí ba, nǹkan tútù kan a sáré gba ọ̀pá ẹ̀yìn mi dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń ka egungun mi. Nínú yàrá tí mo ń dá gbé, ẹnìkan a máa gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, á fún mi pinpin láyà. Tí mo bá wẹ̀yìn, kò ní sí ènìyàn. Mi ò ní purọ́, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ mi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bá mi lọ sí ilé ìwòsàn, tí ẹ jókòó ti Àǹtí Fúnmi, òṣìṣẹ́ ìjọba ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn. Ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, àyà rẹ̀ tó ń fún pinpin, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ẹ ní àìsàn kan náà ni, ẹ sì tọrọ nínú oògùn rẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ka hóró márùn-ún fún yín, ó ní ọmọ òun náà ni mí.

Mi ò lò ó. Dókítà ní àìsàn méjì ló jọra bí ìbejì: nínú méjèèjì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ń bu iṣan ìmọ̀lára tiwọn jẹ. Ọ̀kan ń jẹ káàkiri inú ọpọlọ; ìkejì fẹ́ràn ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn, òsúkè sì máa ń bá a rìn. Oògùn tó ń mú kí àkọ́kọ́ rọlẹ̀, irú èyí tí Àǹtí ń lò, ló ń bí ìkejì nínú, ó lè sọni di afọ́jú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ èmi àti Àǹtí lọ́jọ́ kan náà. Mo bi Dókítà bóyá òsúkè mi kò tó ẹ̀rí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni kì í parọ́.

Èsì jáde lánàá, ọjọ́ Ẹtì. Ìkejì ni ti Àǹtí. Wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tèmi. Màámi, ẹ̀yin lẹ jàre, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fi ògì gbígbóná gbé oògùn tí ẹ tọrọ fún mi mì láàárọ̀ yìí.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre.

Mo fẹ́ ká ìwé yìí ni fóònù mi dún. Bí iyàrá àyẹ̀wò ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dà á kọ:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ. A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún àwọn aláìsàn méjì tó gba èsì lánàá pé a ṣèèṣì lẹ orúkọ èkínní mọ́ ẹ̀jẹ̀ èkejì, a sì lẹ ti èkejì mọ́ ti èkínní. Kí ẹni tó bá ti lo oògùn dáwọ́ dúró, kí ó wá rí wa ní ọjọ́ Ajé. A kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀.