Ọkọ̀ Tí Kò Lè Dúró Lẹ́nu Géètì

Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sewanu, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí Àmínátù ọmọ-ọmọ mi. Mo gbà á ládùúrà pé ẹ ti ń rí oorun sùn díẹ̀, àti pé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun yín. Ara tèmi le; ọkàn ni kò balẹ̀. Láti ìgbà tí Shamsudeen ọkọ rẹ ti kú ni o kò ti gbé fóònù mi, n kò sì bínú sí ọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé yìí rán Zinsu aládùúgbò wa, tó ń bọ̀ n'Ílọrin.

Mo fẹ́ wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́ Shamsudeen. Bọ́ládé àbúrò rẹ ló máa gbé mi wá, nínú ọkọ̀ oníná tó rà nígbà tó ti òkè òkun dé. Ọkọ̀ náà kì í mu epo. Bátìrì ló ń lò, wáyà la fi ń fa iná sí i láti ara ògiri, bí ẹni ń ṣáàjì fóònù.

A ti ń múra láti ọjọ́ mélòó kan. A gbé e lọ sí Ikoga, a tún gbé e kọjá Gbaji, kí Bọ́ládé lè mọ bí iná ṣe ń yára tán lójú ọ̀nà tó bàjẹ́. Ó yọ ìdajì àgbọn tí mo dì fún Àmínátù kúrò nínú búùtù. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣí ìsọ̀ n'Ílọrin ni? Ẹrù yìí á jẹ bátìrì tán ká tó dé Ṣágámù." Ó ní a kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ amúlétutù, mo ti wá abẹ̀bẹ̀. A ó dúró n'Íbàdàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí bátìrì á fi kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, iná á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sùn sílé rẹ mọ́jú kó tó lè gbé wa padà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. O rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Àmínátù. Inú ń bí mi nígbà náà pé èmi, àgbà ìjọ, ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ mi lọ fẹ́ Mùsùlùmí. Mo wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni mo dúró, mo sì ní kí dírẹ́bà má paná ọkọ̀. Shamsudeen jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ paná ọkọ̀, ẹ wọlé wá mu omi tútù." Mo ní mo ń kánjú. Irọ́ ni. Kò sí ibi tí mo ń lọ. Mo na ẹ̀bùn ọmọ sí i láti ojú fèrèsé, a sì yí padà. Mo rí i nínú dígí ọkọ̀: ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń juwọ́ sí mi.

Lẹ́yìn náà, kò sí Kérésì kan tí kò pè láti kí mi. Èmi kò pè é lọ́jọ́ Iléyá rí.

Mo ṣẹ̀ ọ́, Sewanu. Mo ṣẹ ọkọ rẹ, òun tí ó yẹ kí n bẹ̀ kò sì sí mọ́. N kò ní kí o dárí jì mí kí n tó dé. Bí o kò bá fẹ́ kí n wọ pálọ̀, n ó sun inú ọkọ̀. Àga rẹ̀ ṣeé nà sẹ́yìn. Kí o ṣáà ṣí géètì fún wa. Bí o bá sì ní kí n má wá, sọ fún Zinsu, n ó gbà.

Ọlọ́run tí gbogbo wa jọ ń pè á tẹ́ Shamsudeen sí afẹ́fẹ́ rere. Á dá Àmínátù sí fún ọ. Ilé rẹ kò ní dá páropáro, ìwọ náà yóò sì tún rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Akínlóyè Mákánjú.

Àfikún: Wáyà Bọ́ládé kò fi bẹ́ẹ̀ gùn. Lánàá ó bi mí pé, "Bàbá, láti géètì ẹ̀gbọ́n mi dé ara ilé, báwo ló ṣe jìnnà tó?" Òun kò tíì dé ilé rẹ rí, ó rò pé èmi á mọ̀, torí pé mo ti wá. N kò rìn ín rí. Jọ̀ọ́, ní kí Àmínátù bá wa fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, kó sì sọ iye rẹ̀ fún Zinsu.